Ṣé ká kó àwọn ọmọ lọ wo eléégún òyìnbó ní Urnäsch? Ìdáhùn mi rèé

Ìbéèrè tí àǹtí wa kan tó ń gbé ní Manchester fi ránṣẹ́ nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ kó àwọn ọmọ wa méjì, ọmọ ọdún 9 àti ọmọ ọdún 5, lọ wo àwọn eléégún òyìnbó tó ń jáde nínú yìnyín ní Swítsàlandì nígbà ọdún tuntun. Wọ́n ní Urnäsch lorúkọ ibẹ̀. Àmọ́ mo rí fídíò kan tí àwọn oníwo ń fi pàṣán na èèyàn lẹ́sẹ̀, ọmọ mi kékeré bú sẹ́kún nígbà tó rí i. Ìyá ọkọ mi náà ní ìbọ̀rìṣà ni, pé ká má kó ọmọ ọlọ́mọ débẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé obìnrin lè wò ó? Ọjọ́ wo ló dáa jù, kí la máa wọ̀, ṣé a lè ya fọ́tò?"

Ẹ kú ìbéèrè o àǹtí, ẹ bá mi kí màmá náà, ìbẹ̀rù wọn yé mi, mo máa dé orí ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí fídíò yẹn kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ohun tẹ́ẹ rí yẹn ò jọ Urnäsch rárá. Àwọn oníwo onípàṣán yẹn, Krampus ni wọ́n ń jẹ́, Ọ́stríà ni wọ́n pọ̀ sí, pàápàá agbègbè Salzburg àti àfonífojì Gastein, wọ́n sì wà ní gúúsù Jámánì náà. Ọjọ́ 5 àti ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ni wọ́n máa ń tẹ̀lé Nikolaus Mímọ́ kiri, Nikolaus á fún ọmọ tó gbọ́ràn lẹ́bùn, Krampus á halẹ̀ mọ́ ọmọ aláìgbọràn, kí èèyàn lè bẹ̀rù gan-an ni wọ́n ṣe ń gbé e jáde. Ní tèmi o, ọmọ ọdún 5 ò níṣẹ́ kankan níbẹ̀ lálẹ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Gastein fúnra wọn ń mú ọmọ wọn jáde, ọmọ tiwọn ti mọ̀ ọ́n láti kékeré, tiyín ò mọ̀ ọ́n.

Swítsàlandì náà ní èyí tó le. Àfonífojì Lötschental ní ìpínlẹ̀ Valais, àwọn tí wọ́n ń pè ní Tschäggättä ló ń jáde níbẹ̀, ìbòjú igi tí wọ́n gbẹ́ kó burú lójú, eyín màlúù lẹ́nu ẹ̀, awọ ewúrẹ́ tàbí ti àgùntàn lára, agogo màlúù ní ìbàdí, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ni, títí di ìgbà tí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì bá kù ọ̀la. Ọ̀kan nínú abúlé wọn, Blatten, yìnyín àti àpáta ya bò ó mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n ti kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò kó tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ ilé wọn lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bi mí bóyá kí wọ́n lọ síbẹ̀ lọ ya fídíò, èmi ń sọ pé kí wọ́n ní sùúrù, ẹni tó pàdánù ilé bàbá ẹ̀ ò tíì ráyè àlejò tó gbé kámẹ́rà wá.

Urnäsch ni kẹ́ẹ lọ. Ibi tẹ́ẹ sọ gan-an ló dáa fún yín.

Ìpínlẹ̀ Appenzell Ausserrhoden ló wà, lápá ìlà oòrùn Swítsàlandì, inú àfonífojì ni, lẹ́sẹ̀ òkè Säntis tó ga tó mítà 2502. Àwọn ará ibẹ̀ lé díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún méjì, àgbẹ̀ olómàlúù ti pọ̀ níbẹ̀ tipẹ́, ilé wọn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ súnmọ́ra, ilé kan wà lórí òkè kékeré níbí, òmíràn wà lọ́hùn-ún, pápá koríko ló là wọ́n láàárín. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Àwọn tó ń jáde níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Silvesterchläuse, ẹnì kan nínú wọn ni Chlaus, ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń rìn, ẹgbẹ́ kan ni Schuppel, ẹni mẹ́fà ló wọ́pọ̀ nínú Schuppel kan. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ò ju kí wọ́n máa lọ láti ilé dé ilé, kí wọ́n kọrin fún onílé, kí wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí wọ́n kí i kú ọdún tuntun, kí wọ́n sáré lọ sí ilé tó kàn. Gbogbo ẹ̀ nìyẹn, ó sì dùn mọ́ mi ju gbogbo ariwo Krampus lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣìnà nìyí, wọ́n á lọ dúró sí gbàgede abúlé lágogo mọ́kànlá àárọ̀, wọ́n á gbé kámẹ́rà sókè, wọ́n á máa retí ìwọ́de bíi ti kànífà, ìwọ́de ò ní dé. Wọ́n á rí Schuppel kan tó ré kọjá, wọ́n á ní àbí ibi tó mọ nìyí? Onílé ni àwọn Chlaus wá kí, ẹsẹ̀ ilé onílé ni nǹkan náà ti ń ṣẹlẹ̀, lórí òkè níbi tí ọ̀nà tóóró gbà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí i dáadáa, kó wá Schuppel kan, kó tẹ̀lé e láti ilé kan sí èkejì, kó jìnnà díẹ̀, kó dúró bí aládùúgbò tó wá bá wọn yọ̀.

Ọjọ́ wo? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń jáde lọ́dún, ìtàn tó wà nídìí ẹ̀ sì dùn. Lọ́dún 1582 ni Póòpù Gregory XIII tún kàlẹ́ńdà ṣe, torí kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí wọ́n ń lò láti ayé Julius Caesar ti ń fà sẹ́yìn oòrùn díẹ̀ díẹ̀, wọ́n wá fo ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìlú Àgùdà gbà á. Lọ́dún 1597 ni ìpínlẹ̀ Appenzell pín sí méjì nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, Innerrhoden di ti ìjọ Àgùdà, Ausserrhoden di ti Pùròtẹ́sítáǹtì, àwọn ará Ausserrhoden sì ní àwọn ò ní gba kàlẹ́ńdà lọ́wọ́ Póòpù. Wọn ò gbà á fún ohun tó ju igba ọdún lọ! Ọdún 1798, lásìkò tí gbogbo Swítsàlandì yí padà lábẹ́ Faransé, ni kàlẹ́ńdà tuntun tó wọlé síbẹ̀, ó sì di dandan kí wọ́n máa lò ó ní ọ́fíìsì àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ inú àfonífojì ò jẹ́ kí ọdún wọn àtijọ́ lọ. Wọ́n ń ṣe tuntun lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá, wọ́n tún ń ṣe ti àtijọ́ lọ́jọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní, torí ọjọ́ 13 ni kàlẹ́ńdà méjèèjì fi jìnnà síra wọn báyìí. Àwọn abúlé tó wà ní agbègbè Urnäsch ló ṣì ń ṣe ti àtijọ́ yẹn.

Tí ọjọ́ náà bá wá bọ́ sí Sọ́ńdè, wọn kì í jáde, Sátidé tó ṣáájú ni wọ́n á jáde. Bí àpẹẹrẹ, ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2028 bọ́ sí Sọ́ńdè, ọjọ́ 30 ni kẹ́ẹ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2030, ọjọ́ 12 ni wọ́n á ṣe é. Mo mọ àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú láìwo èyí, wọ́n dé, abúlé dákẹ́ rọ́rọ́.

Tẹ́ẹ bá ní kí n yàn fún yín láìro ti ọmọ, ọjọ́ 13 oṣù Kìn-ín-ní ni mo máa yàn. Àlejò ò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìsinmi ọdún ti parí ní ibòmíràn, tiwọn ni wọ́n ń ṣe láàárín ara wọn, ọwọ́ wọn balẹ̀, orin náà sì máa ń gùn sí i létí mi. Àmọ́ ọmọ ọdún 9 yín wà nílé ìwé nígbà yẹn, kò sì yẹ kẹ́ẹ tìtorí èyí bá ilé ìwé fa wàhálà. Nítorí náà ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ni kẹ́ẹ lọ, kẹ́ẹ ṣáà jí kùtùkùtù, kẹ́ẹ sì yẹra fún gbàgede. Tó bá wá di ọdún 2029, ọjọ́ 13 yẹn bọ́ sí Sátidé fúnra ẹ̀, ẹ lè fi ìyẹn sọ́kàn fún ìgbà kejì.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe rí. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Àwọn tó rẹwà ni Schöne, àwọn tó burú lójú ni Wüeschte, àwọn tó wà láàárín ni Schö-Wüeschte. Schöne ń wọ aṣọ àrán, ìbòjú wọn dà bí ojú bèbí, ó mọ́ róró, ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa, èyí tó ṣe bí obìnrin fi òdòdó kékeré há ẹnu, èyí tó ṣe bí ọkùnrin fi ìkòkò tábà há ẹnu. Ohun tó wà lórí wọn ló máa ya àwọn ọmọ yín lẹ́nu, fìlà ńlá tó fẹ̀ tó tíréè oúnjẹ, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ló kún etí ẹ̀ yíká, orí ẹ̀ wá ni ère kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ látinú igi, ẹ máa rí ọkùnrin kan tó ń fún wàrà màlúù, ẹ máa rí àwọn tó ń la igi, ilé, afárá, ẹran lórí òkè, ìgbésí ayé wọn ni wọ́n gbẹ́ sórí fìlà. Àwọn míì fi iná kékeré sínú ẹ̀ kó lè tàn nínú òkùnkùn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń ṣe é, lálẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fún wàrà tán, iṣẹ́ oṣù mélòó kan ni, àṣírí sì ni wọ́n fi ń ṣe títí di ọjọ́ náà.

Wüeschte ni tiwọn, koríko gbígbẹ àti ẹ̀ka igi ni wọ́n dì mọ́ra, ìbòjú wọn ní eyín, òmíràn ní ìwo, àwọn ló lè ba ọmọ kékeré lẹ́rù, àmọ́ wọn kì í na ẹnikẹ́ni, wọn kì í gbé pàṣán. Schö-Wüeschte ni èmi fẹ́ràn jù, gbogbo ohun tó wà lára wọn, inú igbó ló ti wá, ẹ̀ka igi páìnì, èso páìnì, èèpo igi, ìkarahun ìgbín, ewé jẹ̀jẹ̀ tó ń hù lára òkúta, wọ́n á tò ó létòlétò títí ìbòjú náà fi máa dà bíi pé igbó gan-an ló là sókè tó ń rìn.

Nínú Schuppel kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí àwọn tó gbé ṣaworo àti àwọn tó gbé agogo. Oníṣaworo ni Rolli, ṣaworo ńlá ńlá ló wà lára bẹ́líìtì tó fi kọ́ èjìká, obìnrin ni ó ń ṣe bí ẹni jẹ́. Alágogo ni Schelli, agogo màlúù méjì ló gbé, ọ̀kan láyà, ọ̀kan lẹ́yìn, ó wúwo gan-an, ẹ máa rí i pé ó ń fi eékún ṣe é kí ẹ̀yìn ẹ̀ má baà dá. Rolli kan ló máa ń síwájú, Rolli kan ló máa ń kẹ́yìn.

Ilé àgbẹ̀ kan wà lẹ́yìn abúlé tí wọ́n máa ń jẹ́ kí n dúró sí. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, òkùnkùn ṣú, yìnyín nìkan ló ń dán díẹ̀. Etí ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Ṣaworo lẹ máa gbọ́ lókèèrè, ṣínrín ṣínrín ṣínrín, ó yá, agogo á dá a lóhùn, gbọ̀ngàn, gbọ̀ngàn, lọ́ra lọ́ra, ajá ilé á gbó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní kó dákẹ́. Lẹ́yìn náà lẹ máa wá rí iná kékeré tó ń gun òkè bọ̀. Wọ́n á tò síwájú ilé, wọ́n á mi ara wọn kí gbogbo agogo dún pọ̀, ẹ máa gbọ́ ọ nínú àyà yín, gbogbo ẹ̀ á wá dákẹ́ wáí. Ẹnì kan á gbé Zäuerli. Orin yẹn ò ní ọ̀rọ̀ nínú, ohùn lásán ni, á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà, á fò sókè, á tún rọra sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kejì á gbè é, àwọn yòókù á wá fi ohùn kan ṣoṣo tẹ́ ẹ nísàlẹ̀ láìyẹ̀, ìbòjú sì wà lójú gbogbo wọn o, ẹ ò ní rí ẹnu tó ń mì. Wọ́n á tún lu agogo, wọ́n á tún gbé òmíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ́pọ̀.

Onílé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà látìgbà yẹn, òun àti ìyàwó àti àwọn ọmọ tó wọ jákẹ́ẹ̀tì lé aṣọ oorun, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Orin parí, màmá àgbà gbé tíréè jáde, wáìnì wà nínú ife, sítúrọ́ọ̀ wà nínú ife kọ̀ọ̀kan, torí Chlaus ò ní ṣí ìbòjú, ihò ẹnu ìbòjú ló máa ki sítúrọ́ọ̀ bọ̀. Wọ́n á wá bọra wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti ọmọdé àti àgbà, "E guets Neus", ọdún tuntun á dáa fún yín ni wọ́n ń wí. Onílé á rọra ti owó bọ ẹni tó ṣíwájú lọ́wọ́. Ó tán, ṣaworo á tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé tó kàn. Màmá àgbà yẹn ò tètè wọlé, ó máa ń dúró títí agogo á fi lọ tán létí ẹ̀, mo ti rí i tó ń nu ojú.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìbéèrè tó yẹ kí òbí béèrè ni wọ́n béèrè. Egúngún tiwa, ará ọ̀run ni, baba ńlá ìdílé ló padà wá bẹ ọmọ wò, ẹ̀kú ní ìdílé tó ni ín, ètùtù wà nídìí ẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń ṣe é. Chlaus ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín ní Urnäsch pé òkú òun ló wà lábẹ́ ìbòjú yẹn, wọn ò bọ nǹkan kan, wọn ò ní ojúbọ, ẹ̀mí kankan ò gun ẹnikẹ́ni. Orúkọ Chlaus fúnra ẹ̀, ara Nikolaus Mímọ́ ni wọ́n ti gé e. Àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, ọdún 1663 ni, àwọn aláṣẹ ṣọ́ọ̀ṣì ló sì kọ ọ́, wọ́n ń ráhùn pé ariwo àwọn tó ń kiri lóru ti pọ̀ jù. Ẹ máa kà á káàkiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún, pé wọ́n fi ń lé ẹ̀mí burúkú ìgbà òtútù ni, kò sí àkọsílẹ̀ tó gbe ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà yín, ẹ má sì jẹ́ kó dùn mọ́ yín jù. Àti pé ẹ tún wo ti Sọ́ńdè tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ọjọ́ Olúwa ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún tí wọ́n fi ń sún un sí Sátidé. Èmi tí mo jẹ́ Kristẹni, mi ò rí ohun tó ní kí n má dúró gbọ́ orin kíkí ọdún lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò. Tí ọkàn màmá ò bá ṣì gbà á, ẹ má bá wọn jà, ẹ fi fídíò ilé àgbẹ̀ hàn wọ́n dípò ti oníwo.

Obìnrin ń wò ó, kò sí orò kankan tó ń lé obìnrin wọlé. Àwọn tó ń wọ ẹ̀kú ni ọkùnrin, kódà èyí tó ṣe bí obìnrin, ọkùnrin ló wà nínú ẹ̀, bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn. Àmọ́ ìyàwó ilé àti màmá àgbà ló ń gbé wáìnì jáde, àwọn náà ló ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ẹ̀yin náà, tí Chlaus bá na ọwọ́ sí yín, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ wí "E guets Neus" padà, kí àwọn ọmọ náà wí i, inú wọn á dùn. Àwọn ọmọ abúlé pàápàá ní Schuppel tiwọn, ẹ máa rí ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọmọ ọdún 9 yín tó gbé agogo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó o.

Fún ọmọ ọdún 5, ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é. Tẹ́ẹ bá lè débẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ mú un lọ sí Appenzeller Brauchtumsmuseum, gbàgede Urnäsch ló wà, ìbòjú, fìlà àti agogo wà níbẹ̀, ẹ yẹ àkókò tí wọ́n ń ṣí wò kẹ́ẹ tó lọ torí àsìkò ọdún. Kó rí ìbòjú tí kò sí ẹnì kankan nínú ẹ̀, kó mọ̀ pé igi àti bébà ni. Lọ́jọ́ kejì, Schöne ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ wá lọ, ẹ fi Wüeschte sílẹ̀ di ìgbà tí ojú ẹ̀ bá ti là. Ẹ mú nǹkan ìdítí ọmọdé dání, agogo yẹn ń pariwo nítòsí, má jẹ́ kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Schelli. Tó bá sunkún, ẹ gbé e padà sẹ́yìn, ẹ má fipá mú un bọ Chlaus lọ́wọ́ nítorí fọ́tò.

Fọ́tò yẹn náà, ẹ lè yà á, kò sí èèwọ̀, ṣùgbọ́n ẹ pa iná kámẹ́rà, ẹ má wọ àárín Chlaus àti onílé, àyè yẹn tiwọn ni. Tí wọ́n bá ń kọ Zäuerli, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ó kéré tán fún ti àkọ́kọ́. Nígbà míì wọ́n á ṣí ìbòjú lẹ́yìn ilé láti sinmi tàbí láti jẹun, ẹ má ya ìyẹn, ẹ má sì máa béèrè ta ló wà nínú ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá ni, mi ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún yín. Ilẹ̀ onílé ni gbogbo pápá tẹ́ẹ máa rí yẹn bó tiẹ̀ jẹ́ pé yìnyín bò ó, ojú ọ̀nà ni kẹ́ẹ máa rìn. Tẹ́ẹ bá dé ẹ̀bá ilé, ẹ wá onílé kí, "Grüezi" ti tó, ẹ fọwọ́ júwe bóyá ẹ lè dúró. Dúdú tẹ́ẹ jẹ́, wọ́n á wò yín, abúlé ni, gbogbo àjèjì ni wọ́n ń wò, àmọ́ ẹni tó bá kí wọn dáadáa, tó dúró jẹ́ẹ́, wọ́n sábà máa ń fún un ní nǹkan mu pẹ̀lú tiwọn. Ti owó, ẹni tó nílé ló ń fún wọn, ẹ má sáré na owó síwájú onílé.

Aṣọ: òtútù ibẹ̀ ju ti Manchester lọ fíìfíì, Urnäsch ga ju mítà 800 lọ, ẹ sì máa dúró sójú kan pẹ́, ìdúró yẹn ló ń jẹ́ kí òtútù wọ eegun. Bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, torí yìnyín tí èèyàn ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ, sọ́kìsì onírun méjì, fìlà, ìbọ̀wọ́, kẹ́ẹ mú àfikún ìbọ̀wọ́ fún àwọn ọmọ torí wọ́n á fi ṣeré nínú yìnyín títí á fi rin. Tọ́ọ̀ṣì kékeré. Tíì gbígbóná nínú fúláàsì. Biberli wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, àkàrà olóyin tí wọ́n fi álímọ́ńdì sí nínú, ọmọ máa ń fẹ́ràn ẹ̀, ó sì ń fúnni lókun.

Ọ̀nà: láti pápákọ̀ òfurufú Zürich, ẹ wọ rélùwéè tó ń lọ St. Gallen, ẹ sọ̀ ní Gossau, ẹ bọ́ sí rélùwéè Appenzell tó ń gba Herisau lọ sí Urnäsch. Gossau méjì ló wà o, SG ni kẹ́ẹ tẹ̀ sínú fóònù, Gossau ZH gba ibòmíràn lọ. Láti àárín Zürich, bíi wákàtí kan àbọ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ẹ má gbé mọ́tò lọ, ojú ọ̀nà tóóró ni, ibi ìgbọ́kọ̀sí sì ń kún. Òtẹ́ẹ̀lì ò pọ̀ ní Urnäsch, Herisau tàbí Appenzell ni kẹ́ẹ sùn, kẹ́ẹ wo rélùwéè àkọ́kọ́ àárọ̀ kẹ́ẹ tó sanwó, torí tẹ́ẹ bá dé lẹ́yìn ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, ẹ ti pàdánù èyí tó dára jù. Ọmọ ọdún 5 kì í sanwó rélùwéè ní Swítsàlandì, láti ọdún 6 ni wọ́n ti ń sanwó, ìdajì sì ni.

Tó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni ọ̀kan nínú yín ń lò, físà Schengen lẹ máa gbà, físà tàbí káàdì ìgbélùú UK ò lè gbé yín wọ Swítsàlandì. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò ni wọ́n ti ń gba ìwé, ó pẹ́ jù ọjọ́ 15 ṣáájú, àmọ́ gbogbo èèyàn ló ń rìnrìn àjò lásìkò ọdún, nítorí náà oṣù Kẹsàn-án ni kẹ́ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ẹ má dúró di oṣù Kọkànlá. Tẹ́ẹ bá ti mọ ọjọ́ tẹ́ẹ mú, ẹ kọ̀wé padà, mo máa bá yín wo àwọn òkè tí ọmọ ọdún 5 lè fẹsẹ̀ rìn gùn láìgbé e lẹ́yìn.